Ọkùnrin Tó Ti Ara Rẹ̀ Mọ́lé

Ọ̀rẹ́ mi, fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Kò sí lọ́ọ̀kì tó le fún un. Bí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ bá sọnù láàárọ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti gé òmíràn fún ọ.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó wu òun fúnra rẹ̀ ni Àrá. Orúkọ tó ń jẹ́ nínú géèmù nìyẹn.

Géèmù àtijọ́ kan ni, irú èyí tí ìbọn máa ń yọ níwájú ẹni bí ẹni pé ọwọ́ ẹni gan-an ló dì í mú. Kò sí ìtàn gígùn, kò sí àlàyé. Sáré, yìnbọn, wá kọ́kọ́rọ́, ṣílẹ̀kùn, máa sá lọ. Ká má parọ́, ó dùn! Ọkùnrin tí orúnkún ń dùn bó bá gun àtẹ̀gùn, níbẹ̀ ló ti ń fò bí ológbò. Iwin méjìlá á ya bò ó, á gbá wọn dànù kí wọ́n tó mí. Ẹni tí oníbàárà ti ń dá dúró látàárọ̀, ta ni kò ní fẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní sọ fún un pé "dúró ná"?

Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀nà kan náà ni, ògiri kan náà ni. Iwin tó pa lánàá á jí lónìí, á tún dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi sáré, kò kúrò lórí àga. Lóòótọ́, orúkọ Àrá wà lókè nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó yára jù. Èèyàn mọ́kànlá ló ń ka àkọsílẹ̀ náà ní gbogbo ayé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ojú rẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, tó wá ń kanlẹ̀kùn ṣáá, ó ṣe lọ́ọ̀kì àrà kan sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Inú nìkan ló ti ń ṣí. Kò ní ojú kọ́kọ́rọ́ níta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ káfíńtà, onígbàgbọ́ tòótọ́, ló bá a gbé ilẹ̀kùn náà kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọ̀gá, irú ilẹ̀kùn wo nìyí? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní lọ́ọ̀kì?"

"Ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀kì kọ́, ọ̀rọ̀ ọkàn ẹ ni. Jésù ń pè ẹ́, ìwọ ń sáré."

"Bá mi kí i. Sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Ara ti ń yá a láti padà sídìí géèmù. Nínú ìkánjú yẹn ló fi sípírìngì tó ń ṣí lọ́ọ̀kì náà sódì. Ọ̀gá tó máa ń dán lọ́ọ̀kì oníbàárà wò lẹ́ẹ̀mẹwàá kò dán tirẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ti ilẹ̀kùn, ó dún "gbágá!" Inú rẹ̀ dùn, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí.

Ọjọ́ náà gan-an ló sáré nínú géèmù tó fi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fò sókè, ó ṣí etí, ó fẹ́ hó.

"Ọkọ mi o! Ọmọ ń bọ̀! Mo ti ń pè yín tipẹ́!"

Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Kò ṣí. Ó fà á, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi èjìká gbá a. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tó ń ṣí ọgọ́rùn-ún ilẹ̀kùn láàárín ìdajì wákàtí nínú géèmù kò rí ẹyọ kan ṣoṣo ṣí, ìyàwó rẹ̀ sì ń kérora ní òdì kejì.

Káfíńtà gbọ́ igbe, ó sáré dé.

"Já ilẹ̀kùn yìí fún mi!"

"Ìyàwó ẹ lákọ̀ọ́kọ́. Ìwọ ò kúkú níbi tó ò ń lọ."

Ó gbé obìnrin náà sínú takisí, wọ́n lọ. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Lójú kọ̀ǹpútà, géèmù ń béèrè bóyá kó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ọkùnrin yìí tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti nà láti tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Ìyàwó ń rọbí, ọwọ́ ń wá eré! Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà á, torí ó rí i pé lọ́ọ̀kì tó wà lára ilẹ̀kùn kéré sí èyí tó wà lọ́kàn òun.

Ó kúnlẹ̀. "Jésù, èmi ni mo ti ara mi mọ́lé. Mi ò lè dá ara mi sílẹ̀. Dárí jì mí. Ṣàánú ìyàwó mi, bó ò tilẹ̀ ní ṣàánú mi."

Wákàtí méjì kọjá kó tó gbọ́ ohùn káfíńtà.

"Ọ̀gá, obìnrin ni. Tìyá tọmọ wà láàyè. Ìyàwó ẹ ní kí n bi ẹ́ bóyá o ti ṣeré tán."

Ẹkún ni káfíńtà ń gbọ́. Nígbà tó yá, ohùn kan wá látinú yàrá: "Já a. Má sì gbé òmíràn síbẹ̀ mọ́."

Olúwa gba ọkùnrin náà là lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti ké igbe àkọ́kọ́ láìsí bàbá níbẹ̀, ìyẹn kò sì ṣeé tún bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín pé o kò mọ géèmù. Kí ni tìrẹ? Ṣé fóònù ni? Ṣé aṣọ ni? Ṣé orúkọ tí o ń wá lẹ́nu àwọn tí kò bìkítà nípa rẹ ni? Kristi tó kú nítorí rẹ kò ní kí o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe kí o tó wá. Àwọn kan sọ lánàá pé ó di ọ̀la. Wọn kò rí òní. Ìwọ rí i. Níbi tí o jókòó sí yìí, ronú pìwà dà, kí o sì pè é.