Ohùn Ìyàwó Ò Ṣeé Jí Gbé

“Orin òkú lò ń kọ, ìyàwó! Orin òkú! Àwọn èèyàn fẹ́ jó, ìwọ ń dárò fún wọn!”

Oyèníkẹ́ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Wilhelmsburg, ní ìlú Hamburg, tó ń na fóònù sí Morísọ́lá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lójú. Ẹ wo aláìmoore! Obìnrin tó ń bú yìí ló gbà á sílé nígbà tó ti Nàìjíríà dé, òun náà ló fà á wọ Ohùn Odò, ẹgbẹ́ olórin tí òun àti ọkọ rẹ̀, Dúrósinmí, dá sílẹ̀.

“Ẹ má bínú, Eyínfúnjowó,” ni Morísọ́lá dá a lóhùn. “Kí ni àwọn olùgbọ́ tún wí?”

Eyínfúnjowó ni orúkọ tó fún àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nítorí ìyàwó tó gbẹ̀kọ́ kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó tilẹ̀ ju onítọ̀hún lọ lọ́jọ́ orí. Nínú ilé, òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ká sòótọ́, orúkọ náà dùn mọ́ Oyèníkẹ́ ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Gbogbo nǹkan yòókù lára Morísọ́lá ló ń ta á lára: ohùn rẹ̀, ọkọ rẹ̀, àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún un. Tí Morísọ́lá bá ti lanu kọrin, owú a máa jẹ ẹ́ títí tí yóò fi wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún.

Lọ́dún 2018 yẹn, Dúrósinmí ti gbé gìtá tì. Tẹ́kínò, orin ijó tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà lù, tí àwọn ọmọ Berlin ń jó mọ́jú, ló gbé wọnú orin wọn. Àwọn olùgbọ́ pín sí méjì: àwọn kan ní ó dùn, àwọn kan ní ẹ̀rọ ìfọṣọ ni àwọn ń gbọ́. Ibi tí Oyèníkẹ́ ti ráyè wọlé nìyẹn. Ó fi orúkọ èké sí Facebook, ó di olùgbọ́ ní Lurup ní Hamburg, ó tún di olùgbọ́ ní Berlin, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń kọ: tẹ́kínò dára, ohùn Morísọ́lá ló ń bà á jẹ́, kí àbúrò máa léwájú. Dúrósinmí gbà á gbọ́. Òmùgọ̀ ọkùnrin! Láìsọ fún aya rẹ̀, ó yọ ohùn rẹ̀ kúrò nínú orin tí obìnrin náà ṣẹ̀dá nígbà tó lóyún Jùmọ̀, ọmọ wọn, ó sì fi ti àbúrò rẹ̀ rọ́pò.

“Bàbá Jùmọ̀! Orin ọmọ mi lẹ gbà lẹ́nu mi?”

“Ohun tí àwọn olùgbọ́ fẹ́ nìyẹn! Tó bá dùn ẹ́, ká lọ sórí ètò Tàjúdéènì ní Berlin. Kí wọ́n pè, kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ẹni tí wọ́n bá mú ni yóò máa kọrin, ẹnì kejì á fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.”

“Mo gbà. Ọlọ́run tó fún mi lóhùn ò sùn.”

Oyèníkẹ́ rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní ọ̀rẹ́kùnrin kan ní Marzahn ní Berlin, Akin, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀. Ó ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ni Tàjúdéènì ti ń ṣe ètò Yorùbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó láàárín àpò gaàrí, ó fi orin tuntun náà sí i, ìpè sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

“Láńrewájú nìyí, láti Hamburg. Ẹ gbé tẹ́kínò yẹn kúrò jàre! Ẹ̀rọ ìfọṣọ mi gan-an ò pariwo tóyẹn!”

Ìyá Fisáyọ̀, onídìrí ní Lurup, ló tẹ̀ lé e. “Èmi fẹ́ràn ẹ̀ o! Àwọn kọ́sítọ́mà mi ń mirí lábẹ́ ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n Morísọ́lá dà? Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ pààrọ̀ ìkòkò, ṣé ẹ máa da iyọ̀ nù ni?”

Ojú Oyèníkẹ́ le. Ó tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì, kò sì pẹ́ tí ìpè mìíràn fi wọlé.

“Ẹ káàsán o. Fẹ̀sọ̀jayé lorúkọ mi. Mi ò mọ̀ wọ́n rí, I swear! Morísọ́lá ti darúgbó, kó lọ sinmi. Eyínfúnjowó ni kẹ́ ẹ fún ní máíkì!”

“Ta ni Eyínfúnjowó?” ni Tàjúdéènì bi í.

Morísọ́lá yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Jùmọ̀, ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pè é bẹ́ẹ̀ rí?”

“Rárá. Ìwọ nìkan ni.”

“Inú ilé ni mo ti ń pè é. Báwo ló ṣe dé ẹnu ẹni tí kò mọ̀ wá rí?”

Akin ló wà lórí fóònù, òun ló pe ara rẹ̀ ní Fẹ̀sọ̀jayé. “Níkẹ̀ẹ́! Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni? Orúkọ tó o ní kí n máa pè ẹ́ náà nìyẹn o! Àwọn tó o kọ sí Facebook ńkọ́, ṣé kí n sọ ìyẹn náà?”

Hamburg gbọ́! Berlin gbọ́!

“Oyèníkẹ́!” Dúrósinmí fò dìde. “Ṣé ìwọ ni gbogbo olùgbọ́ yẹn?”

“Bùọ̀dá mi, iṣẹ́ èṣù ni!”

“Má purọ́ mọ́ Èṣù! Iṣẹ́ owú ni!”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún aya rẹ̀ láàárín àpò gaàrí. Morísọ́lá kò wò ó nílẹ̀. Ó ní kí Tàjúdéènì fi tẹ́kínò náà sí i láìsí ohùn ẹnikẹ́ni, ó gba máíkì, ó sì kọ orin ọmọ rẹ̀ lé e lórí. Ìpè ń ya wọlé. Láńrewájú pàápàá tún pè: “Ó dáa, ó dáa! Ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn ti ń dùn o!”

Nírọ̀lẹ́, ní Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ti Berlin, Oyèníkẹ́ tí wọ́n ti lé kúrò nínú ẹgbẹ́ sún mọ́ ìyàwó ilé. Ó ń dúró de èébú, kò gbọ́ ọ.

“Ìyàwó wa, ẹ dákun. Ẹ pè mí ní Eyínfúnjowó lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Morísọ́lá gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

“Oyèníkẹ́,” ó ní, “ọkọ̀ ti dé. Gbé ẹrù rẹ.”

Oyèníkẹ́ bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni Morísọ́lá ń pè é.