Ògbufọ̀ Akànṣẹ́ Ará Amẹ́ríkà

Ìbọ̀wọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù nínú gbọ̀ngàn náà, ti ọwọ́ òsì ni. Àwọn ẹ́ńjìnnì ti lọ, ọkọ̀ akẹ́rù ti lọ, Mísítà Léròì Hámptìn, akànṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, náà ti lọ. Tíṣà Ìbítóyè dúró láàárín ilẹ̀ nínú ṣòkòtò pénpé, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wo ibi tí epo ta sílẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí Rhoda ìyàwó rẹ̀ fi ń lọ ata wà lánàá, òun náà sì ni Rhoda fi ń bọ́ ilé.

Tíṣà ṣa ìbọ̀wọ́ náà, ó fi sápò, ó fọn fèrè. Òun alára kò mọ ìdí tó fi fọn ọ́n.

Ádámù télọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wo ilẹ̀, ó wo tíṣà.

"Jẹnẹrétọ̀ mi dà?"

"Ádámù, mo rò pé wọ́n kó wọn lọ tún ṣe ni."

"Ta ló rò bẹ́ẹ̀? Ìwọ ni àbí òun? Láti ọjọ́ tó ti dé, a ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì."

Ọ̀rọ̀ náà gún tíṣà lára, nítorí pé òótọ́ ni. Nígbà tí ará Amẹ́ríkà yìí dé sí Kàbà, ó ní ìlú yìí ni wọ́n ti ta àwọn baba ńlá òun, òun sì fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè gba ibẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Kò gbọ́ Yorùbá rárá. Imú ló fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè tú u àfi Ìbítóyè, tíṣà eré ìdárayá, ẹni tó ti kan ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀ nígbà èwe. Ká má parọ́, ìlàjì ni tíṣà ń gbọ́. Ìlàjì tó kù, òun ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọ.

Bí ọkùnrin náà bá ń ròyìn ìgbà tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ fún àmì ẹ̀yẹ lásán, tó bá ní òun lu ẹnìkan ṣubú, tíṣà á túmọ̀ rẹ̀ sí mẹ́ta. Nígbà tó sọ bí òun ṣe wá ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun, tí adájọ́ kan sì rẹ́ òun jẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, tíṣà sunkún ní Yorùbá, ẹkún tí ẹni tó ni ìtàn kò sun ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ìgbà tí Ìbítóyè fi kan ẹ̀ṣẹ́, kò borí rí. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́gun ẹlòmíràn fi dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Hámptìn wá ní kí wọ́n yá òun ní ẹ́ńjìnnì tí yóò máa fún ilé ẹ̀kọ́ náà ní iná, ọmọ ẹni tó bá yá òun ni yóò kọ́kọ́ wọ bàálù, ẹnu tíṣà ni gbogbo ìlú ti gbọ́ ọ.

Ẹnu yẹn náà ló gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ta ló ní kí wọ́n kó ẹ́ńjìnnì wá?" Ìsípẹ́kítọ̀ Ọmọ́yẹlé bi í. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́ ni.

"Ará Amẹ́ríkà ni, mà."

"Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

"Èmi."

"Ẹlòmíràn ńkọ́?"

Tíṣà yíjú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí.

"Ẹ jókòó, sà. Bí a ò bá rí i, ẹ̀yin la rí yẹn."

Rhoda gbé oúnjẹ wá. Ọkọ rẹ̀ ti múra sílẹ̀ de èébú, ṣùgbọ́n obìnrin náà kàn gbé abọ́ kalẹ̀, ó ní, "Bàbá Tóyìn, okun o." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń kí ara wọn nílẹ̀ Okun láàárọ̀ àti lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń kí ẹni tó kọsẹ̀ àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó máa ń dé ẹnu kí orí tó mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kíkí ọ̀fọ̀ ni tíṣà gbọ́. "Okun," ló dá a lóhùn.

Bìláàlì ọlọ́kadà ló mú ìròyìn wá. Ó ní òun rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n fi tapólì bò ní ilé epo Mopa. Ìsípẹ́kítọ̀ ju tíṣà sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n gbéra.

Ní Mopa, ẹni tó ń ta epo na ọwọ́. "Ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀ yẹn? Ẹ wò ó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí kọ́nà yẹn ni." Wọ́n sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìsánlú, wọ́n rí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà níwájú, àfi bí agbo màlúù ṣe gba títì mọ́ wọn lọ́wọ́. Tíṣà bẹ́ sílẹ̀, ó ń fọn fèrè sí màlúù. Àwọn màlúù dúró láti gbọ́ orin. Kí ọ̀nà tó là, eruku nìkan ló kù níwájú wọn.

Wọ́n ń béèrè rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, nígbà tó yá, Ifẹ̀-Olúkòtún ni wọ́n ti bá a. Ó wà nínú pápá kan, ó ti fi okùn yí òpó mẹ́rin ká, èrò ti pé lé e lórí. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá igi, kò sí ẹ́ńjìnnì kankan nínú rẹ̀. Ògbufọ̀ tuntun ti dúró tì í, katikíìsì kan tó wọ kóòtù, tó ń làágùn ayọ̀, tó ń fi ẹnìkan ṣe mẹ́ta. Tíṣà wò ó, ojú tì í bí ẹni tó rí ara rẹ̀ nínú dígí.

"Ẹ́ńjìnnì àwọn ará Kàbà dà?" Ìsípẹ́kítọ̀ béèrè.

Katikíìsì túmọ̀ rẹ̀. Hámptìn fi imú sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ní òun ò gbọ́ Yorùbá, mà," ni katikíìsì wí, "òun ò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn ní Kàbà. Ó ní ògbufọ̀ òun ló ń dá sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ògbufọ̀ náà ló kó ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí ẹ mú un."

Ìsípẹ́kítọ̀ yíjú sí tíṣà. Ó ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lápò, kò sì sí ẹni tó mọ ọwọ́ ẹni tó máa tì í mọ́.

"Tíṣà, kí lẹ rí sọ?"

Tíṣà wo ọkọ̀ òfìfo tó wà lẹ́bàá igi. Ó rántí Rhoda níwájú ẹ́ńjìnnì tí kò sí mọ́. Ó fa ìbọ̀wọ́ òsì yọ lápò, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì gba abẹ́ okùn wọlé.

"Ẹ jáde níbẹ̀, sà!"

Kò gbọ́. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ju ẹ̀ṣẹ́. Hámptìn kàn yẹ̀bá díẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ náà kọjá lọ, ó sì fa tíṣà tẹ̀ lé ara rẹ̀. Gbì! Ó fi ojú lélẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ kún ẹnu rẹ̀.

"Áà! Okun o, bàbá! Ẹ rọra. Ẹ má tíì dìde. Ṣé ẹ ò fi ẹsẹ̀ pa?"

Hámptìn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí àgbàlagbà náà. Katikíìsì la ẹnu láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó sọ, ó wá rí i pé kò sí ohun tí òun máa túmọ̀. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

"Okun, ọmọ mi," ni tíṣà dáhùn láti ilẹ̀. Òun náà kò ronú kó tó sọ ọ́.

Ìsípẹ́kítọ̀ súnmọ́ wọn. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

Ọkùnrin náà tún gbé ohùn lọ sí imú. "Ai..."

"Mo ní ọmọ ibo?"

Ó wo èrò, ó wo okùn tó yí i ká. Imú rẹ̀ là.

"Ponyan, nílẹ̀ Okun níbí, mà. Ṣèyífúnmi lorúkọ mi."

Ó jẹ́wọ́ níbẹ̀. Kò dé Amẹ́ríkà rí, ẹnikẹ́ni kò sì gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ rí láyé. Omi àti táwẹ́lì ló ń gbé fún àwọn akànṣẹ́ ní Kàdúná. Inú fóònù ló ti kó ìtàn akànṣẹ́ kan jọ, ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó ní láti òru ni òun ti já gbogbo ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní Ìsánlú, nínú ilé tí wọ́n ń kó èso kajú sí, lábẹ́ àpò.

"Kí ló dé tó o fi kí i?" Ìsípẹ́kítọ̀ bi í, bó ti ń ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ìyá mi ni, mà. Bí àgbà bá ṣubú lójú mi tí mi ò kí i, ìgbájú ni. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀."

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ́ńjìnnì ti dé Kàbà. Ádámù dì mọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bí ìyàwó tó ti àjò dé. Rhoda fi okùn yí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ó fà á, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú, ó sunkún, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò lè fi pamọ́.

Tíṣà ti gba àga kan, ó ń ṣàlàyé fún àwọn aládùúgbò pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni, pé ọgbọ́n àwa akànṣẹ́ nìyẹn. Ó ní ìjà àkọ́kọ́ tí òun borí láyé nìyí.

"Bàbá Tóyìn," ni Rhoda wí, "ta ló lù yín ṣubú?"

Tíṣà gbọn iyẹ̀pẹ̀ tó kù lára fèrè rẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ni."

"Okun o, akànṣẹ́."

"Okun," ni tíṣà dáhùn, kó tó mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni.