Obìnrin Inú Férémù

Nígbà tí Àmọ̀dá káfíńtà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ olóògbé Láwàlì l'Ọ̀tà lọ́dún 1937, ó bá Àdìzát tó fọwọ́ lẹ́rán níwájú àwòrán obìnrin òyìnbó kan tí òun náà fọwọ́ lẹ́rán. Láwàlì, ọkọ Àdìzát, ló ń kan férémù rẹ̀ fún òyìnbó olùkọ́ kan tí ikú fi bá a lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àmọ̀dá wá parí iṣẹ́ náà ni, ṣùgbọ́n bó ti rí opó yìí, ó gbàgbé ohun tó bá wá.

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí Àdìzát yóò fi ṣe opó kò tíì pé. Ààfáà sì ti kìlọ̀ pé ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ títí yóò fi jáde. Kàsúmù, ẹ̀gbọ́n Láwàlì, ń retí ọjọ́ náà kó lè ṣú u lópó. Kí ni Àmọ̀dá ìbá ṣe? Férémù ọjọ́ méjì, ó fi oṣù méjì kàn án.

"Kí lẹ rò pé obìnrin yìí ń rò?" ó bi Àdìzát lọ́jọ́ kan. Ìyá Láwàlì, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rùkáyátù, jókòó tì wọ́n, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Ọkọ rẹ̀ ló kú," ni Àdìzát fèsì.

"Bóyá. Àmọ́ ó jọ pé ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹni tó lè dúró dè é."

Àdìzát rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà omi bọ́ lójú rẹ̀. "Bí ẹni náà bá wọlé, ṣé kò ní ní kó gbàgbé ọkọ rẹ̀?"

"Kò ní sọ bẹ́ẹ̀ láéláé."

Lọ́jọ́ tó jáde opó, ẹbí pé jọ, wọ́n bi í léèrè ẹni tó fẹ́. Ẹkún kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Àmọ̀dá ń gbọ́ láti ìta.

"Kàsúmù, má bínú," ni Ìyá Rùkáyátù wí. "Ọmọ yìí ti fèsì tipẹ́, ojú mi ló ṣe. Tẹ̀sùbáà ni mò ń fà, mi ò dití. Ẹ pe káfíńtà wọlé."

Inú Kàsúmù kò dùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ jiyàn? Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n so yìgì. Bí wọ́n ti ń sin ìyàwó lọ, Àmọ̀dá dá wọn dúró.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà kí Láwàlì."

Níbi sàréè, Àdìzát sunkún títí, Àmọ̀dá kò sì ní kó dákẹ́. Ìyá Rùkáyátù ṣàdúà fún ẹni tó bí, ó nu ojú rẹ̀, ó wá yíjú sí káfíńtà.

"Ọmọ mi," ló pè é, "mú ìyàwó rẹ lọ sílé."