Ẹ́ńjìnì Inú Àbàtà

Inú àbàtà ni Yefim ti kọ́kọ́ rí Taisiya. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń wá òkú àwọn tó sọnù lógun, ń fa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfurufú ogun Sófíẹ̀tì jáde, ẹrẹ̀ ti mù ún dé itan. Ọmọbìnrin náà dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó gbé búrẹ́dì dání fún wọn. Ó ní ìyá ìyá òun ló rán òun wá béèrè bóyá ọkọ ìyá àgbà náà ni wọ́n rí. Ọkàn Yefim fà sí i lójú ẹsẹ̀.

Láti ìgbà ogun ni Arseni, ọkọ Màmá Glafira, ìyá ìyá Taisiya, ti gbé ọkọ̀ òfurufú fò lọ tí kò padà. Àwọn ará abúlé ní ó sá lọ bá àwọn Jámánì ni. Nígbà tí Yefim wá tọrọ Taisiya, màmá náà ní, "Ọmọ mi, òkú ilé yìí ò tíì délé. Wá ọkọ mi fún mi ná."

Nínú iṣẹ́ wọn, nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì nìkan ò tó láti fi mọ orúkọ òkú. Lójú ogun, àwọn mẹkáníìkì a máa yọ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kan fi sínú òmíràn. Ó dìgbà tí irin mìíràn lára ọkọ̀ náà bá jẹ́rìí sí i. Yefim mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Arseni ló wà lára èyí tí wọ́n fà jáde, ìfẹ́ sì ń pa á bí ọtí. Ta ló máa sọ fún un pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná? Ó sáré lọ sọ fún màmá pé Arseni ni. Wọ́n sin eegun tí wọ́n bá nídìí ẹ́ńjìnì náà, àwọn tó ń bú màmá ló gbé òdòdó wá. Wọ́n dá ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn ìkórè ọ̀dùnkún.

Ìgbà tí omi àbàtà fà ni wọ́n rí ìrù ọkọ̀ náà. Yefim fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó rí nọ́ńbà ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ Lavrenti, awakọ̀ òfurufú mìíràn tó sọnù lógun, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣì ń wá a káàkiri. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Taisiya ló kọ́kọ́ sọ fún.

"Má sọ fún màmá," Taisiya bẹ̀ ẹ́. "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kó sinmi. Bó o bá sọ ọ́, mi ò ní lè fẹ́ ọ mọ́."

"Àbúrò ẹni yẹn náà ò sinmi."

Ẹ̀rù ba Yefim gan-an, àmọ́ ó lọ. Màmá Glafira ń ṣa olú lórí tábìlì. Ó gbọ́ ọ tán, kò pariwo, ó ní kí wọ́n gbé òkú olókùú lọ fún ẹni tó ni ín. Ìgbà tó yá ló béèrè pé, "Kí ni kí n wá wí fún àwọn ará abúlé?"

Yefim jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa olú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n hú òkú náà, Yefim àti Taisiya ló jọ gbé pósí náà dé ìdí ọkọ̀ akẹ́rù. Yefim pe Taisiya lórúkọ.

"Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ," Taisiya dáhùn. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ọ, sàréè yìí ni màá máa rí."

Yefim mú ṣọ́bìrì kó lè dí kòtò náà, kó má baà sunkún lójú wọn. Màmá Glafira ní kó fi kòtò náà sílẹ̀ láìdí.

"Kò ní pẹ́ mọ́ tí màá fi nílò rẹ̀," ó ní.

Taisiya di ìyá àgbà náà lápá mú, àwọn méjèèjì sì forí lé ilé.