Kò Sẹ́ni Tó Sún Ilẹ̀kùn

Ọ̀sán Sátidé ni Ọ̀gá Awakọ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé, mú ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ lọ sí ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń jẹun láti ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà. Bó ṣe ń wọlé, gbì! Èjìká rẹ̀ gbá férémù ilẹ̀kùn.

"Àwọn èèyàn yìí ti sún ilẹ̀kùn wọn," ló wí. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó.

Àmọ́ ilé oúnjẹ ti yí padà. Láyé ọjọ́un, bí o bá di ìwé oúnjẹ mú, Agbáwo, bàbá arúgbó tí aṣọ ìnuwọ́ funfun kì í kúrò léjìká rẹ̀, á rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ: "Ẹ fi bébà sílẹ̀, ẹ gbọ́ ti ẹnu mi." Lónìí, tábúlẹ́ẹ̀tì dúdú kan ló ń tàn yanran lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí o bá tẹ̀ á lọ bá alásè tààrà. Àwo nìkan ni Agbáwo ń gbé. Ẹnu rẹ̀ ti gba ìfẹ̀yìntì.

"Ṣé ẹ rántí bí Agbáwo ṣe máa ń ki ẹja díndín?" aránṣọ bi í.

"Bí wọ́n bá kì í tán, ẹja ọ̀hún á fẹ́ẹ̀ dìde jó!"

Ọ̀gá Awakọ̀ wá fa tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Ó tẹ ẹja. "Kò dáhùn." Ó tún un tẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa èèrà.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí. Ẹja méjì dé. Ó dára. Mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ó ṣì dára díẹ̀. Nígbà tó fi máa di àwo kọkànlá, wọ́n ti ń yá tábìlì lọ́wọ́ àwọn tó jókòó nítòsí.

"Ta ló ń gbéyàwó níbí?" ẹnì kan kígbe.

"Ẹ̀rọ burúkú!" Ọ̀gá Awakọ̀ lu tábìlì. "Ẹ dá Agbáwo padà fún wa!"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Agbáwo ì bá pàtẹ́wọ́ tirẹ̀, àwo kejìlá tó gbé lọ́wọ́ ni kò jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí aránṣọ: "Ẹ má bínú, ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọkọ yín ò mọ̀wé. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń fi ẹnu mi bò wọ́n láṣìírí."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni ò mọ̀wé? Lẹ́tà ìfẹ́ olójú ewé mẹ́rin ni ọkọ mi fi gbé mi níyàwó!"

"Ó dáa, kí ló dé tí wọ́n fi máa ń ní a ò kọ ẹran síwèé, tí ẹran sì rèé lẹ́bàá àtàǹpàkò wọn?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu aránṣọ. Ó wo tábúlẹ́ẹ̀tì. Iye ẹja ń bẹ ní igun rẹ̀, gàdàgbà: méjìlá. Ọkọ rẹ̀ ò rí igun. Ó rántí géètì iléèwé tí ọkọ rẹ̀ fi bọ́ọ̀sì ha lóṣù tó kọjá. "Wọ́n sún géètì ni," ló wí nígbà yẹn.

Ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọkọ rẹ̀. "Ẹ máa wo imú mi. Ìka mélòó nìyí?"

"Ìka wo?"

Ó rọra ń fa ọwọ́ bọ̀ títí ó fi kan iwájú imú.

"Méjì! Ṣé o rí i? Mo ríran!"

Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì iléèwé wà láàárín àwo ẹja.

"Ọmọ méjìlélógún lẹ ń gbé láràárọ̀," aránṣọ wí. "Ọmọọmọ wa wà níbẹ̀."

"Ojú ò dùn mí rárá!"

"Kì í dunni," ni dókítà ojú wí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. "Glọkómà ni. Ní tiyín, agbára omi inú ojú ló ga jù, ó ń tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú bọ̀ wá sáàárín."

"Ẹ fún mi ní awò tó nípọn."

"Awò ò lè dá èyí tó lọ padà. Oògùn tí ẹ ó máa kán sójú lójoojúmọ́ ni, kí èyí tó kù má bàa lọ. Ẹ ò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́. Kí àwọn ọmọ yín náà wá ṣàyẹ̀wò. Ó máa ń bá ìdílé rìn."

"Ká ní mo wá lọ́dún méjì sẹ́yìn ńkọ́?"

"À bá ti gba púpọ̀ sílẹ̀."

Ọ̀gá Awakọ̀ fọ bọ́ọ̀sì náà mọ́ tónítóní, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀gá iléèwé lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n padà sí ilé oúnjẹ, tí wọ́n sì ròyìn, Agbáwo ń sunkún. "Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe yín."

"Ẹ jókòó jàre, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ń fi ọgbọ́n bò ó, tí mo ń dá ilẹ̀kùn lẹ́bi. Ẹ ki ẹja fún mi."

Agbáwo tún aṣọ ìnuwọ́ gbé léjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹja. Ọ̀gá Awakọ̀ di ojú, ayé ọjọ́un sì padà wá, tòun ti òórùn epo gbígbóná àti ẹ̀rín ọmọge tó fẹ́. Ó la ojú. Ẹ̀gbẹ́ ṣì ṣókùnkùn.

Ìwọ tí ò ń kà á, tí o bá ti lé lógójì ọdún, jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ wò, bí kò tilẹ̀ dùn ọ́. Bí ẹni tìrẹ bá ń gbá ara mọ́ nǹkan, má bò ó láṣìírí. Bó bá jẹ́ awakọ̀, gba kọ́kọ́rọ́ ná. Kò sẹ́ni tó sún ilẹ̀kùn.