Àlàyé Tó Jẹ Bẹntiróòlù Tán

Fọlákẹ́ ń tẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń sáré ká aṣọ tó sá kí òjò tó dé. Ọdún 1998 ni, ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúdáre Láníyọnu, ti ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Táíwò Road. Láti àárọ̀ ni iná ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ ló ń kùn lẹ́yìn ilé. Bẹntiróòlù sì wọ́n nígboro Ìlọrin débi pé àwọn ènìyàn ń sùn sílé epo.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Fọlákẹ́ gbà nìyí. Alhaji Abdulmumini tó ń ta aṣọ òfì ní Ọjà-Ọba fẹ́ ojú ìwé tí àwọn ará òkè òkun yóò ti máa rí ọjà rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti kírun Àìlà ọ̀sán tán, yóò gba dísìkì iṣẹ́ náà, yóò gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀ ní Èkó, ẹni tí yóò bá a gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá Fọlákẹ́ sì ti sọ ọ́ láìfi bò: bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, kí ó padà sí Ọ̀mù-Àrán wá ṣe tíṣà.

Gbogbo rẹ̀ dára nínú kọ̀ǹpútà tó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó da ojú ìwé náà sínú dísìkì, tó ki dísìkì bọ kọ̀ǹpútà kejì láti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ hàn, aṣọ kò hàn. Àpótí òfìfo mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀.

"Bọ̀dá Dáre, kí ló dé tí àwòrán ò hàn?"

Ìbéèrè kékeré. Àmọ́ Olúdáre kì í dáhùn ìbéèrè láìkọ́kọ́ nu pátákó. Ó nù ún, ó gbọn ẹfun lọ́wọ́.

"Ìbéèrè tó dára! Kí ni à ń pè ní àwòrán gan-an? Nígbà tí àwọn ṣójà Amẹ́ríkà kọ́kọ́ so kọ̀ǹpútà pọ̀..."

"Bọ̀dá, Alhaji ń bọ̀ o."

"Ẹni tí kò mọ orísun kò lè mọ odò."

Ó ya Amẹ́ríkà. Ó ya òkun. Ó ń ya wáyà tó gba abẹ́ òkun kọjá nígbà tí Alhaji wọlé.

"Tíṣà, aṣọ mi dà?"

"Ẹ jókòó, Alhaji. Mò ń ṣàlàyé bí yóò ṣe kọjá òkun ni."

"Wàláhì, kò tíì kọjá Táíwò Road! Ọmọ yìí béèrè omi, ìwọ ń rò fún un bí òjò ṣe ń ṣú."

Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Epo ti tán.

"Mọ́tò ń dúró dè mí ní gáréèjì," ni Alhaji wí, ó dìde.

Omi lé sójú Fọlákẹ́. "Bọ̀dá, iṣẹ́ tíṣà ni ẹ ń rán mi lọ yẹn."

Olúdáre wo ojú àbúrò rẹ̀, ó bẹ Alhaji kó dúró díẹ̀, ó sáré bọ́ sí ìta. Ó ki rọ́bà sínú táǹkì alùpùpù rẹ̀, ó sì fi ẹnu fà á, ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe. Bẹntiróòlù kún un lẹ́nu. Ó tu ú dànù, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó rọ ìyókù sínú jẹnẹrétọ̀, ó sì tún kùn.

"Bọ̀dá, kí ni kí n ṣe?"

Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Ahọ́n tó ń ta á kọ̀ jálẹ̀.

"Àwòrán... wà níbí." Ó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. "Ibí náà lo ní kí ojú ìwé... ti máa wá wọn. Kó wọn sínú dísìkì... pẹ̀lú rẹ̀. Kọ orúkọ wọn nìkan. Má kọ ibi tí wọ́n wà."

"Ìyẹn nìkan?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sá lọ fi omi fọ ẹnu.

Fọlákẹ́ kó àwòrán mẹ́ta náà sínú dísìkì. Nínú ojú ìwé náà, ó pa àdírẹ́sì gígùn tó ń sọ ibi tí wọ́n wà rẹ́, ó fi orúkọ nìkan sílẹ̀. Ó tún ki dísìkì bọ kọ̀ǹpútà kejì. Sányán yọ, àlàárì yọ, ẹtù yọ.

"Alihamdulilahi!" ni Alhaji wí. "Tíṣà, kí wọ́n máa rọ epo sí ọ lẹ́nu kí o tó wọ kíláàsì."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni níṣẹ́, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ni kí ẹ dáhùn, ní ìwọ̀n tó lè lò lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyókù dúró de ọjọ́ tó bá béèrè rẹ̀. Àlàyé tó ju agbára ẹni tó ń gbà á lọ, ìfiṣòfò ni, bó ti wù kí ó jẹ́ òótọ́ tó.

Olúdáre bẹ̀rẹ̀ sí í ti alùpùpù tí epo rẹ̀ ti gbẹ lọ sílé ní Ṣàngó. Fọlákẹ́ fi dísìkì lé Alhaji lọ́wọ́, ó gbé báàgì tirẹ̀, ó sì jáde, ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán kọ́ ló gbà.