Àwọn Àlejò Tó Kó Oúnjẹ Ìbíjọkẹ́ Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ara ẹnì kan ò bá yá láàárín àwa Yorùbá, ṣé a lè má lọ kí i? A ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Nílé wa ní Yeoville, nílẹ̀ àjèjì níbí, lífùtù ti bàjẹ́ tipẹ́, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n ń bọ̀ wá kí Ìbíjọkẹ́ ọmọ mi.

Irun ni Ìbíjọkẹ́ ń dì fún àwọn ọmọ yunifásítì ní Braamfontein. Ara ń ro ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Tó bá sùn, á jí bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì mọ́jú. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n ní faibromayáljíà ni. Mo ní, "Ẹ gbà mí, ṣé orúkọ àìsàn nìyẹn àbí orúkọ ìlú?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kì í pààyàn, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lára. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó máa jẹun dáadáa.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn ló wá dá wàhálà sílẹ̀.

Ìyá Toheeb, tó ń ta ọṣẹ nísàlẹ̀ ilé wa, ló kọ́kọ́ dé. "Ìbíjọkẹ́, ẹ̀wà ni! Ẹ̀wà ló ń ro ẹ́ lára. Má jẹ ẹ́ mọ́."

"Ẹ ṣé, mà."

Micah tó ń tún fóònù ṣe náà dé. "Àǹtí, mo rí i lórí wáàsáàpù. Ìrẹsì àti búrẹ́dì, májèlé ni wọ́n."

"O ṣé, àbúrò mi."

Ẹnì kan mú ẹyin lọ. Ẹnì kan mú ẹja. Ẹnì kan ní tòmátò ni, òmíràn ní iṣu ni. Gbogbo ẹni tó bá wọlé wa, tó bá ń jáde, á fọ̀rọ̀ ẹnu mú oúnjẹ kan dání lọ. Ọmọ mi ò sì lè já wọn níyàn. Ẹnì kan gun àtẹ̀gùn wá kí ẹ, ó ń káàánú ẹ, ṣé wàá ní irọ́ ló ń pa ni?

Nígbà tó yá, kò ku nǹkan kan ju tíì oníṣúgà àti ohun mímu inú agolo tí wọ́n fi ń lé oorun. Mo ní, "Ìbíjọkẹ́, ṣé oúnjẹ nìyẹn?"

Ó ní, "Bàbá, òun nìkan ni wọn ò tíì ní kí n má mu."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tọ́jọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń sìn ín lọ síbi taksí. Róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀, dá ọkọ̀ dúró, a bọ́ sí títì. A dé àárín, mo wẹ̀gbẹ́, mi ò rí i. Ó ti wà nílẹ̀ gbalaja! Róbọ́ọ̀tì sì ti yí padà. Taksí kan ń bọ̀ lórí eré. Mo na ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ mi sókè, mo ń pariwo, "Ẹ dúró! Ọmọ mi ni!"

Táyà han. Imú ọkọ̀ yẹn kan ọ̀pá mi kó tó dúró. Dẹ́rẹ́bà bẹ́ sílẹ̀. "Eish, bàbá, eish!" Òun ló bá mi gbé e délé.

Ìyá Toheeb ti gbọ́, ó ti sáré gòkè. "Ṣé ẹ rí i? Oògùn òyìnbó yẹn ni! Ká kó o dànù, kó máa mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan títí ara ẹ̀ á fi mọ́." Ó kó oògùn náà, ó fẹsẹ̀ tẹ agolo ìdọ̀tí, ìdérí ṣí.

"Ìyá Toheeb, ẹ mú sùúrù, ẹ jọ̀ọ́."

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kọ́mọ yín kú ni?"

Ìbíjọkẹ́ ń wò wá, ètè ẹ̀ ti funfun.

Bí ẹnì kan ṣe kanlẹ̀kùn nìyẹn. Dókítà Bùkúnọlá ni, òun àti Ìbíjọkẹ́ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Ìyá Toheeb ní, "Dókítà, ẹ kúkú dé! Kí lẹ ní kó má jẹ mọ́?"

Dókítà di ọrùn ọwọ́ ọmọ mi mú. "Àǹtí, kí lẹ jẹ lánàá?"

"Tíì."

"Ìjẹta ńkọ́?"

"Tíì náà ni."

Ó lọ ṣí fìríìjì. Omi àti agolo ló bá níbẹ̀. Ó yíjú padà. "Ìyá Toheeb, ẹ fún mi lóògùn yẹn."

"Àmọ́..."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Wọn kì í ṣàdédé dá a dúró. Dókítà tó kọ ọ́ fún un ló lè ní kó dín in kù. Tẹ́ ẹ bá dà á nù, ẹ lè dá kún wàhálà ẹ̀."

Ìyá Toheeb wo agolo ìdọ̀tí, ó wò mí. Ó gbé oògùn lé dókítà lọ́wọ́. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ìdérí padé, gbàà! Àyà mi wálẹ̀.

Dókítà ní, "Àǹtí, ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ jẹ ẹ̀wà rí, kí ìrora wá le sí i?"

"Rárá."

"Ẹyin? Ẹja?"

"Rárá. Wọ́n ní ni."

"Ẹ wò ó, ó jọ pé ebi ló gbé yín ṣubú. A ṣì máa lọ yẹ̀ yín wò lónìí. Kò sóúnjẹ tó ń wo àìsàn yìí sàn, ẹni tó bá ní òun ní i, ẹ sá fún un. Àmọ́ oúnjẹ tó pé á fún yín lágbára: ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin. Ṣúgà àti nǹkan inú agolo yẹn lẹ máa dín kù. Ó ń lé oorun yín. Tí oorun ò bá sì tó, ìrora á máa le sí i ni."

Ìyá Toheeb dìde, ó jáde. Mo rò pé inú ló bí i. Ká tó múra tán, ó ti dé, ó ń mí gúlegúle, ìkòkò ẹ̀wà wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni mo mú un lọ. Mo ti dá a padà. Ìbíjọkẹ́, jẹun, ọmọ mi."

Ọmọ mi jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, omijé ń bọ́ sínú àwo. Lẹ́yìn náà la wọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Ara ò tíì yá tán o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìrora ṣì ń wá, ó ń lọ. Àmọ́ ó ń sùn díẹ̀, ó ń rìn yí àdúgbò ká, kò ṣubú mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí irú àìsàn yìí bá wà lára yín, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ má sì torí ọ̀rọ̀ àlejò febi pa ara yín. Tẹ́ ẹ bá fura sóúnjẹ kan, ẹyọ yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà tàbí onímọ̀ oúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lọ kí aláìsàn ńkọ́? Ní tèmi o, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí báyìí. Ẹni tó bá ní ohun tọ́mọ mi ò gbọ́dọ̀ jẹ, màá ní kó kọ́kọ́ fi oúnjẹ tó gbé wá fún un hàn mí.